Òjìji Òpó Àsíá: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọmọ Púráímárì Kìíní sí Ìkẹta ní Sáyẹ́ǹsì

Okun o, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi.

Kíláàsì kejì ni mo ń kọ́ ní ilé-ìwé ìjọba kan tí kò jìnnà sí Ìyàrà, ní ilẹ̀ Ìjùmú, ní ìpínlẹ̀ Kogí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. A kò ní yàrá àyẹ̀wò, iná mọ̀nàmọ́ná kò sì dé kíláàsì mi. Ohun tí a ní ni àgbàlá tó tẹ́jú, òpó àsíá kan, kànga, igi kajú mẹ́ta, àti ọmọ mọ́kànlélógójì tí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu wọn. Ó tó. Ohun tí mo fẹ́ sọ níbí ni ohun tó yẹ kí ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́jọ kọ́ nínú sáyẹ́ǹsì, àti bí ẹ ṣe lè fi kọ́ ọ nílé tàbí ní kíláàsì.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tí mo ti ṣàṣìṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́, ní ilé-ìwé mìíràn, mo kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan: evaporation, ìyẹn bí omi ṣe ń gbẹ. Mo sọ ọ́ dorin fún wọn. Alábẹ̀wò wá, wọ́n kọ ọ́ fún un, ó pàtẹ́wọ́, inú mi dùn. Lọ́jọ́ kejì mo bá ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin kékeré kan, níbi tó ti ń sá aṣọ tí a fi ń nu bọ́ọ̀dù. Mo bi í pé, “Omi tó wà lára aṣọ yìí, níbo ló ń gbà lọ?” Ó wò mí lójú, ó ní, “Ó ń wọ inú okùn, mà.”

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló ti fi ń kọ orin yẹn. Nígbà tí mo délé ni mo tó rí i pé èsì ọmọ náà ní làákàyè nínú ju orin mi lọ. Okùn nìkan ni nǹkan tó fara kan aṣọ náà. Bí omi bá kúrò lára aṣọ, ibo ni kó tún lọ bí kò ṣe okùn? Ó ti wò, ó sì ti rò ó. Èmi ni n kò tíì fún un ní ohun tí yóò fi dán èrò rẹ̀ wò.

Bí ọmọ bá fún mi ní irú èsì yẹn lónìí, n kì í sọ pé “rárá”. Màá ní kó lọ fọwọ́ kan okùn náà. Ṣé ó tutù? Lẹ́yìn náà a ó bu omi ṣíbí mẹ́ta sínú àwo pẹrẹsẹ, a ó gbé e sórí fèrèsé níbi tí okùn kankan kò sí. Tí a bá dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí àwo ti gbẹ, ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò sọ pé omi bá afẹ́fẹ́ lọ. Ìgbà yẹn ni orúkọ tí wọ́n ń pè é nínú ìwé tó wúlò, torí ọmọ ti ní ohun tó fẹ́ fún lórúkọ.

Nítorí náà, tí ẹ bá bi mí pé kí ni kí ọmọ kékeré kọ́ nínú sáyẹ́ǹsì, èsì mi ni pé kó kọ́ láti wo nǹkan dáadáa, kó méfò ohun tó máa ṣẹlẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀, kó wọ̀n ọ́n, kó sì sọ ohun tó rí gan-an, kódà tí kò bá bá ìmèfò rẹ̀ mu. Àwọn àkòrí tó wà nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ ìjọba, bí ewéko, ẹranko, omi, ilẹ̀, ara wa, gbogbo wọn dára, mo sì ń kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọmọ yóò gbà wọ inú wọn ni mo ń sọ.

Èdè ńkọ́? Èdè tí ọmọ fi ń lálàá ni kí ẹ fi kọ́ ọ. Kì í ṣe èrò tèmi nìkan. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ púráímárì ní gbogbo ẹ̀kọ́, títí kan sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí èdè. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta lọ. Ní tiwa níbí, ọ̀rọ̀ náà tún ní ẹ̀ka. Nínú kíláàsì mi, ọmọ Ìjùmú wà, ọmọ Owé láti Kàbà wà, Bùnú wà, ọmọ Yàgbà kan wà tí bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbí. Kòkòrò kan ṣoṣo lè ní orúkọ mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ ni mo máa ń kọ sójú bọ́ọ̀dù, n kì í sọ pé ọ̀kan ló tọ̀nà. Ọmọ tó bá rí orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é lójú bọ́ọ̀dù yóò jókòó dáadáa.

Ó kan ètò. Ìwé máa ń to àkòrí bó ṣe wù ú. Èmi a máa jẹ́ kí ojú ọjọ́ bá mi tò ó. Ohun tó bá wà lóde lọ́sẹ̀ yẹn ni kí ẹ kọ́.

Nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé ní oṣù kẹsàn-án, òjò ṣì ń rọ̀, ẹrẹ̀ wà. Ẹ̀kọ́ ilẹ̀ ló yá nígbà yẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bu ilẹ̀ láti ibi mẹ́ta, ẹ̀bá kànga, oko, àti ojú ọ̀nà, kí wọ́n dà á sínú ìgò tó mọ́ gaara, kí wọ́n bomi sí i, kí wọ́n mì ín, kí ó sì sùn síbẹ̀ mọ́jú. Yanrìn yóò kọ́kọ́ jókòó nísàlẹ̀, ẹrẹ̀ kíkúnná yóò tẹ̀lé e, ewé jíjẹrà yóò léfòó. Ìgò kọ̀ọ̀kan yóò yàtọ̀. Ẹni tó bá lè kó àwọn ọmọ dé Lọ́kọ́ja, kó mú wọn gun Òkè Patti lọ wo ibi tí Odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé. Àwọ̀ omi méjèèjì kò rí bákan náà. Ọmọ tó ti mi ìgò rí yóò mọ̀ pé ohun tí odò gbé wá láti ibi tó ti ń bọ̀ ló fà á.

Tí ọyẹ́ bá dé, ẹ padà sórí ọ̀rọ̀ aṣọ. Àkísà méjì tó tóbi bákan náà, ẹ rì wọ́n sínú omi, ẹ fún wọn. Ẹ sá ọ̀kan sóòrùn, ọ̀kan sí ìbòòji. Kí ọmọ méfò èyí tó máa kọ́kọ́ gbẹ, kó kọ àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ. Ẹ tọ́jú ìwé yẹn. Tí òjò bá padà ní oṣù karùn-ún, ẹ tún ṣe é pẹ̀lú àkísà kan náà, kí wọ́n fi àkókò méjèèjì wéra. Ọmọ ọdún méje lè bá yín sọ̀rọ̀ lórí ìdí tí ètè wọn fi ń bẹ́ nígbà ọyẹ́, tí ẹ bá jẹ́ kó ti inú aṣọ dé ibẹ̀.

Ìgbà kajú jẹ́ ìgbà ewu àti ìgbà ẹ̀kọ́ pọ̀. Wọ́n mọ èso náà dénú, torí náà ẹ bi wọ́n pé níbo ni ọmọ inú rẹ̀ wà. Nínú ọsàn, nínú ìbẹ́pẹ, inú ni kóró ń gbé. Ti kajú yọ síta nísàlẹ̀. Kí wọ́n ya méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún wọn gidigidi: òróró tó wà nínú èèpo kóró kajú tútù máa ń jó ènìyàn lára bí iná. Mo ti rí ọmọ tí ètè rẹ̀ bó nítorí pé ó fi eyín fọ́ ọ. Kí ẹnikẹ́ni má fi eyín fọ́ ọ, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọwọ́ tó kàn án ra ojú.

Òjò àkọ́rọ̀ ní tirẹ̀ máa ń mú ikán tó hu ìyẹ́ jáde, ó máa ń mú ọ̀pọ̀lọ́ ké. Bí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ bá wà nínú adágún omi, yóò gùn lọ bí okùn, pẹ̀lú àmì dúdú dúdú nínú rẹ̀. Ẹ bu díẹ̀ pẹ̀lú omi tó wà nínú rẹ̀ sínú ike funfun, ẹ gbé e sí ibòòji. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ọmọ tó ní ìrù yóò jáde. Ewé tẹ̀tẹ̀ bíbọ̀ díẹ̀ ni kí ẹ máa fún wọn, kí ẹ sì máa fi omi adágún kan náà pààrọ̀ èyí tó bá dọ̀tí. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló máa kọ́kọ́ yọ, ti iwájú yóò tẹ̀lé e, ìrù yóò máa kúrú. Tí ìrù bá tán, kí gbogbo kíláàsì sìn wọ́n padà sí adágún. N kì í jẹ́ kí a jùmọ̀ pa ohun tí a fi kọ́ ẹ̀kọ́.

Ẹ̀wà gbígbìn rọrùn, gbogbo ìwé ló ní in, nítorí náà ohun tí ìwé kì í sọ nìkan ni n ó sọ. Ẹ má lo ẹ̀wà tí ọlọ́jà ti fi oògùn kòkòrò tọ́jú, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kan àgbàdo gbígbìn tí wọ́n ti kùn ní oògùn. Ẹ wẹ ọwọ́ wọn bó ti wù kó rí. Ẹ yọ èyí tí kòkòrò ti dá lu sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má dà á nù: ẹ gbìn ín sínú ìgò tirẹ̀ kí wọ́n méfò bóyá yóò hù. Ẹ gbin àgbàdo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wà. Ẹ̀wà yóò là sí méjì, àgbàdo kò ní là. Gbòǹgbò ni yóò kọ́kọ́ yọ nínú méjèèjì. Ẹ dojú ìgò délẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kí wọ́n wo ibi tí gbòǹgbò yóò yí orí sí. Àwọn ọmọ mi kígbe lọ́jọ́ tí wọ́n rí i.

Nílé, ẹ̀yin ìyá ní ohun tí ilé-ìwé kò ní. Ẹ sọ ọsàn kan tó ní èèpo sínú garawa omi, yóò léfòó. Ẹ bó o, ẹ tún sọ ọ́ sínú omi, yóò rì. Afẹ́fẹ́ tó há sínú èèpo ló gbé e dúró. Bí adìyẹ yín bá sàba, ẹ jẹ́ kí ọmọ máa fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri lójoojúmọ́. Ọjọ́ 21 ni. Lálẹ́ ọjọ́ kẹjọ, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tànmọ́lẹ̀ sí ẹ̀yìn ẹyin kan nínú òkùnkùn, yóò rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tàn kálẹ̀ bí ẹ̀ka igi. Kí ẹ rọra dá a padà sábẹ́ ìyá rẹ̀. Bákan náà, bí eyín ọmọ bá yọ, kí ẹ tó jù ú sórí òrùlé, ẹ jẹ́ kó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kò ní gbòǹgbò mọ́, torí ara ti fà á padà kí eyín àgbà lè ráyè. Ogún eyín ni ọmọdé ní. Kó fi ahọ́n ka iye tó ti lọ.

Òòfà ni ẹ̀kọ́ kan tí ilẹ̀ wa fúnra rẹ̀ ń bá wa ṣe. Ẹ tú sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́, òòfà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rá nylon wé e, kó lè rọrùn láti gbọn nǹkan dànù. Ẹ wọ́ ọ lórí yanrìn tí àgbàrá kó jọ lẹ́bàá ọ̀nà lẹ́yìn òjò. Yanrìn dúdú kíkúnná yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Inú òkúta wa ló ti wá, bí òkúta ṣe ń fọ́ tí òjò sì ń wọ́ ọ lọ. Irú nǹkan dúdú yìí ló pọ̀ rẹpẹtẹ ní Ìtakpẹ́, ní ìpínlẹ̀ wa yìí, tí wọ́n fi dá iléeṣẹ́ ìwakùsà irin sílẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ kan bi mí bóyá a lè kó tiwa jọ ṣe ọkọ́. Mo ní kó wọ̀n iye tí ó rí nínú agolo yanrìn kan, kó ṣírò agolo mélòó ni yóò tó. Ó ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta.

Báyìí ni mo dé orí òpó àsíá, èyí tó yí ọwọ́ tí mo fi ń kọ́ni padà.

Ìwé kan tí a ń lò sọ pé aago méjìlá ọ̀sán ni òjìji máa ń kúrú jù. Odidi ọdún ni mo fi ka gbólóhùn yẹn sétí àwọn ọmọ, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì ọdún kan, ọmọkùnrin kan tó máa ń jókòó sẹ́bàá fèrèsé sọ pé, “Àǹtí, òjìji òpó ṣì ń kúrú lẹ́yìn aago méjìlá.” Mo wo ìta, n kò lè sọ bóyá òótọ́ ni. Mo sọ fún un pé ọ̀la la ó wọ̀n ọ́n.

Bí a ṣe ṣe é nìyí, kí ẹ̀yin náà lè ṣe é. Ẹ wá ọ̀pá tó gún régé, tó ga ní mítà kan láti orí ilẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti rì í. Ẹ so òkúta mọ́ okùn kí ẹ fi wò ó pé ó dúró ṣánṣán. Ẹ fi yanrìn tẹ́ ilẹ̀ yíká rẹ̀, kí ẹ fi pákó tẹ́ ẹ dọ́gba. Ní gbogbo ogún ìṣẹ́jú, kí ọmọ kan fi ìdérí mínírà sí orí òjìji náà, kí òmíràn fi tépù wọ̀n ọ́n, kí ẹ̀kẹta kọ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni má wo oòrùn fúnra rẹ̀, torí ó ń ba ojú jẹ́ láìsí ìrora. Ilẹ̀ ni a ń wò.

Ohun tí wọ́n kọ lọ́jọ́ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ní aago 12:00, sẹ̀ǹtímítà 51. Ní 12:20, 47. Ní 12:40, 44. Ní aago 1:00, 44. Ní 1:20, ó ti padà di 47. Ọmọkùnrin náà kò pariwo. Ó kàn dúró ti ìdérí méjì àárín yẹn, ó ń wò wọ́n. Ọmọbìnrin kan ní, “Àǹtí, ṣé ìwé ń purọ́ ni?”

Mo sọ fún wọn pé n kò mọ̀, màá bèèrè. Ẹ má bẹ̀rù gbólóhùn yẹn, ẹ̀yin tíṣà. Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ awọnlẹ̀ ló là mí lóye. Ìlà tí aago Nàìjíríà ń tẹ̀lé wà ní ìwọ̀n (degree) 15 sí ìlà-oòrùn, níbi tí ìlú N'Djamena wà ní orílẹ̀-èdè Chad. Àwa níbí wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 6. Ìṣẹ́jú 4 ni ayé fi ń yí ìwọ̀n kan, nítorí náà oòrùn máa ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 36 pẹ́ kó tó dé òkè orí wa. Yàtọ̀ sí èyí, oòrùn fúnra rẹ̀ máa ń yá tàbí kó pẹ́ láti oṣù dé oṣù. Ní oṣù kejì ó máa ń pẹ́ tó ìṣẹ́jú 14, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ó máa ń yá tó 16. Ọ̀sán gangan tiwa ní oṣù kejì wá bọ́ sí nǹkan bí aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àárín ìdérí méjì yẹn gẹ́lẹ́.

N kò da gbogbo rẹ̀ lé wọn lórí. Mo mú ọsàn kan, mo fi abẹ́rẹ́ méjì gún un, ọ̀kan ni N'Djamena, ọ̀kan ni abúlé wa, mo ní kí wọ́n yí i níwájú tọ́ọ̀ṣì nínú yàrá tí a ti fèrèsé rẹ̀. Wọ́n rí i pé ìmọ́lẹ̀ kọ́kọ́ kan N'Djamena kó tó kan abúlé wa. Ó tó fún kíláàsì kejì. Ọmọkùnrin náà padà lọ sínú ìwé, ó fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbólóhùn náà: “Ní ọ̀dọ̀ tiwa, 12:50.” N kò pa á rẹ́.

Àkọsílẹ̀ wọn ni kí ẹ tọ́jú. Ìwé kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ojú ewé òsì fún àwòrán, ti ọ̀tún fún ọ̀rọ̀ tàbí nọ́ńbà. Ẹni tí kò tíì mọ̀ọ́kọ, kó sọ ọ́, kí ẹ bá a kọ ọ́. Tí ẹ bá ń máàkì, ẹ má fa ìlà pupa sórí ìmèfò tí kò ṣẹ. Ohun tí mo máa ń máàkì ni bóyá ó kọ ohun tó rí. Nígbà tí mo rí ọmọ tó fi rọ́bà pa 47 rẹ̀ rẹ́ kó lè kọ 44 bí ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, mo pè é jókòó, a jọ jáde lọ tún un wọ̀n. Mo gbà pé iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù tí mo ṣe lọ́sẹ̀ yẹn nìyẹn.

Ohun tó lè dúró di iwájú: ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń há sórí, orúkọ egungun, ohun tí ojú kò lè rí. Kíláàsì kẹrin àti ìkarùn-ún wà níwájú fún ìyẹn.

Ẹ má sì yọ ọ̀pá yẹn kúrò lẹ́yìn ọjọ́ kan. Ní ìparí oṣù kejìlá, òjìji ọ̀pá mítà kan yóò gùn tó sẹ̀ǹtímítà 61 ní ọ̀sán gangan, yóò kọjú sí àríwá. Ní ilé-ìwé tiwa, ìhà ojú títì nìyẹn. Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá, ẹsẹ̀ ọ̀pá ni yóò sá sí. Ní oṣù kẹfà ẹ wá ọjọ́ tí òjò dá tí ojú ọ̀run sì là, kí ẹ kó àwọn ọmọ jáde pẹ̀lú ìdérí wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ méfò, kí ẹ má sọ nǹkan kan. Ní ọdún tí a ṣe é, gbogbo wọn dúró sí ìhà títì. Òjìji ti kọjú sí gúúsù, sí ìhà oko, sẹ̀ǹtímítà 28. Wọ́n yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọkùnrin ẹ̀bá fèrèsé sì ti na ọwọ́ láti gba tépù.